Hydnora: Òdòdó Abẹ́ Ilẹ̀ Tí Kì Í Ṣe Olú

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá kọ́kọ́ rí àwòrán Hydnora africana kì í gbà pé ewéko ni. Ohun tí wọ́n rí ni nǹkan kan tó yọ orí jáde láti inú yanrìn gbígbẹ, tó nípọn, tó lanu sílẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, tí inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní àwọ̀ erùpẹ̀ tó yí i ká. Kò sí ewé lára rẹ̀, kò sí ẹ̀ka, kò sí ìtì, kò sí ibì kankan tó tutù yọ̀yọ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, òórùn ẹran tó ti ń jẹrà lẹ máa gbọ́. Àwọn kan á ní olú ni, àwọn kan á ní ẹranko ni, àwọn mìíràn á sì ní wọ́n kàn fi kọ̀ǹpútà ya á ni.

Ewéko ni. Ó ń yọ òdòdó, ó ń so èso, ó sì ní hóró. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé òdòdó nìkan ló yọ síta. Gbogbo ara tó kù wà nísàlẹ̀, ó so mọ́ gbòǹgbò ewéko mìíràn, ara ewéko yẹn ló sì ti ń jẹun láti ìgbà tó hù títí dọjọ́ tó máa kú. Bí a bá ti mọ bó ṣe ń jẹun, kò ní ṣòro mọ́ láti mọ ìdí tí ara rẹ̀ fi rí bó ṣe rí.

Kì í ṣe àwa ará òde òní nìkan ló ṣì í mú. Carl Peter Thunberg, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Sweden tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Linnaeus, àgbà onímọ̀ ewéko, rí i nígbà tó ń rìn kiri ní ìhà Cape, nísàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tó kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1775, àárín àwọn olú ló tò ó sí, orúkọ olú abẹ́ ilẹ̀ kan lédè Gíríìkì ló sì mú fún un. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n wá rí i pé ewéko olódòdó ni. Wọn ò yí orúkọ náà padà, torí òfin tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ ewéko lórúkọ ni pé èyí tó bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ló ń dúró, ì báà tiẹ̀ ṣini lọ́nà.

Báwo la ṣe wá mọ̀ pé kì í ṣe olú? Bí ẹnì kan bá la òdòdó rẹ̀ sí méjì lóòró, ìdáhùn wà níbẹ̀. Olú ò ní akọ, kò ní abo bíi ti òdòdó, kò sì ní hóró. Lẹ́búlẹ́bú tó ń já bọ́ lábẹ́ orí rẹ̀ ló fi ń pọ̀ sí i. Nínú Hydnora, ẹ ó rí ibi tí àtíkè òdòdó, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú akọ, ti ń jáde, ẹ ó rí ibi tó ń gba àtíkè náà, ẹ ó sì rí ilé ọmọ nísàlẹ̀ pátápátá, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun wínníwínní tó máa di hóró kún inú rẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí nǹkan jẹ́ ewéko olódòdó. Ewé tútù kọ́ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ló ń bá tan. Hydnora náà wà lára irú àwọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí àfòmọ́ tí à ń rí lórí igi, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń lọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Àfòmọ́ orí igi ní ewé. Omi àti èròjà inú ilẹ̀ ló ń fà jù lọ lára igi tó gùn lé, lẹ́yìn náà yóò fi ewé ara rẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, yóò sì ti ibẹ̀ ṣe ṣúgà tí yóò jẹ. Ààbọ̀ àfòmọ́ la lè pè é, torí ààbọ̀ iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Hydnora ò ní ewé kankan, kódà kò ní ìpẹ́ kékeré tó lè fi hàn pé ewé ti wà níbẹ̀ rí. Àtomi, àtèròjà ilẹ̀, àti ṣúgà, ara ewéko tó gbà á sára ló ti ń rí gbogbo rẹ̀. Odindi àfòmọ́ ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára gbòǹgbò yẹn, ẹ pa á nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í bá igi gbogbo tan. Hydnora africana, tó ń gbé ní ilẹ̀ gbígbẹ South Africa àti Nàmíbíà, kò jẹ lára ohunkóhun àfi ìwọ̀nba irú Euphorbia kan, ọ̀kan lára wọn sì ni Euphorbia mauritanica. Ẹni tó bá mọ igi orò ti mọ ẹbí Euphorbia nìyẹn: ara rẹ̀ máa ń kún fún omi, tí wọ́n bá sì gé e, oje funfun tó lè ba ojú jẹ́ ló ń jáde. Hydnora abyssinica, tó wà láti ìhà Etiópíà àti Sudan títí lọ sísàlẹ̀ Áfíríkà, kò fẹ́ Euphorbia, igi akéṣíà ẹlẹ́gùn-ún ni tiẹ̀. Àwọn ìbátan wọn kan tún wà ní Madagascar, àti ní South America lábẹ́ orúkọ Prosopanche. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á fi sọ́kàn ni pé bí àfòmọ́ bá ṣe gbára lé ẹlòmíràn tó, bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń ṣà á yàn tó.

Àwọn ewéko olódòdó tó ń jẹ lára ewéko bíi tiwọn lé ní 4,000 irú láyé, ó sún mọ́ ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ewéko olódòdó. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ìwádìí fi hàn pé ìgbà bíi 12 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni irú ìgbé ayé yìí ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ìdílé tí kò bára wọn tan. Nítorí náà, rírí ewéko méjì tí wọn ò léwé kò túmọ̀ sí pé ẹbí ni wọ́n.

Ó yá, ká wá wo abẹ́ ilẹ̀. Ara Hydnora nà gbọọrọ lábẹ́ yanrìn, ó nípọn, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi ti ilẹ̀. Ti Hydnora africana kì í rí róbótó. Igun ló ní, mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kókó kéékèèké sì tò sórí igun kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kókó wọ̀nyí ni gbogbo ọjọ́ iwájú ewéko náà. Òmíràn nínú wọn á di ẹnu tó fi ń jẹun, òmíràn á di ẹ̀ka, òmíràn á di òdòdó, ọ̀pọ̀ sì máa wà bẹ́ẹ̀ láìdi nǹkan kan.

Ṣé gbòǹgbò wá ni ara yìí àbí igi tó nà sábẹ́ ilẹ̀? Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lé e lórí gan-an. Àwọn tó pè é ní gbòǹgbò ní kò sí oríkèé tí ewé lè ti yọ lára rẹ̀, àti pé orí rẹ̀ ní ìbòrí bíi ti orí gbòǹgbò. Àwọn tó pè é ní igi abẹ́ ilẹ̀ ní òdòdó ń yọ lára rẹ̀, èyí tí gbòǹgbò kì í sábà ṣe, ọ̀rọ̀ tiwọn ló sì pọ̀ jù nínú ìwé òde òní. Lójú tèmi, ìjiyàn náà ò le tó bí wọ́n ṣe mú un. Ara àwọn ewéko tó ń dá jẹun la ti mú orúkọ gbòǹgbò, igi àti ewé. Ewéko tó ti jáwọ́ nínú iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀yà ara wọ̀nyẹn ń ṣe láti ọdún gbọ́nhan, kò sí ìdí tí ara rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣì bá orúkọ wọn mu.

Ẹnu tí mo wí yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní haustorium, òun sì ni gbogbo odindi àfòmọ́ fi ń wà láàyè. Bí kókó kan bá kan gbòǹgbò Euphorbia, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò wọ inú rẹ̀ lọ, yóò máa ti àwọn sẹ́ẹ̀lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tí yóò fi dé ibi tí ọ̀nà omi àti oúnjẹ Euphorbia náà ń gbà kọjá. Níbẹ̀ ni ọ̀nà omi tiẹ̀ àti ti Euphorbia ti máa so pọ̀. Euphorbia ń tọ́jú omi pamọ́ sínú ara de ìgbà ọ̀dá. Ìdí nìyí tí Hydnora fi lè gbé ilẹ̀ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ láìní àpò omi tirẹ̀: ẹlòmíràn ti bá a tọ́jú ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn òjò tó dára ni òdòdó máa ń ti ilẹ̀ sókè, ilẹ̀ tó le á sán, orí òdòdó á sì yọ, ó lè ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lókè ilẹ̀.

Òdòdó yìí gan-an ló wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Hydnora, torí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Abala mẹ́ta ló sábà máa ń ní, wọ́n le, wọ́n nípọn, etí wọn sì kún fún irun líle. Nígbà tó bá kọ́kọ́ ń là, orí abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì so pọ̀ lókè, àlàfo tóóró ló wà láàárín wọn ní ẹ̀gbẹ́, irun wọ̀nyẹn sì dí lára rẹ̀. Lára abala kọ̀ọ̀kan, lápá inú, nǹkan funfun kan wà tó múlọ́múlọ́. Ibẹ̀ ni òórùn òkú ẹran ti ń jáde. Bí ẹ bá wá tẹ̀ lé inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹ ó bá ihò tó jìn wọ abẹ́ ilẹ̀. Ní agbedeméjì rẹ̀ ni àwọn àpò àtíkè ti tò yí ká bí òrùka, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín, nísàlẹ̀ wọn sì ni yàrá kan tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ibi tí òdòdó ti ń gba àtíkè.

Àwọn kòkòrò tí òórùn náà ń pè ni irú èyí tó máa ń jẹ awọ, ẹja gbígbẹ àti òkú ẹran tó ti gbẹ. Èyí tí ìwádìí rí jù ní Nàmíbíà ni Dermestes maculatus. Kòkòrò náà rò pé òkú ẹran wà níbẹ̀ tóun lè yé ẹyin sí. Ó gba àlàfo wọlé, ó yọ̀, ó já gba àárín òrùka àtíkè bọ́ sínú yàrá ìsàlẹ̀. Ara ògiri ihò náà ń dán, ó sì ń yọ̀. Kò lè fi ẹsẹ̀ mú un. Ó há síbẹ̀.

Lásìkò yìí, abo òdòdó nìkan ló ti tó iṣẹ́ ẹ ṣe. Àpò àtíkè òkè kò tíì là. Bí kòkòrò náà bá ti ara òdòdó Hydnora mìíràn wá, àtíkè tó rù wá ni yóò máa fi ra ilẹ̀ yàrá náà bó ṣe ń rìn kiri. Ó tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ á fi wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àpò àtíkè á là, àtíkè á dà lé kòkòrò náà lórí. Ní àsìkò kan náà, ara ògiri tó ń dán tẹ́lẹ̀ á yí padà, á di gbágungbàgun, àwọn abala òkè á sì là tán. Kòkòrò á wá rí ibi fẹsẹ̀ mú, á gun òkè, á jáde tòun ti àtíkè lára. Jay Bolin, Erika Maass àti Lytton Musselman ló ṣe ìwádìí yìí ní Nàmíbíà, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2009.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ apá yìí máa ń sọ pé ewéko tó ń jẹ kòkòrò nìyẹn. Rárá o. Hydnora kì í jẹ kòkòrò, kò sí omi kankan nínú rẹ̀ tó ń da ẹran rú. Ó kàn dá wọn dúró títí iṣẹ́ á fi parí ni, ó sì nílò kí wọ́n jáde láàyè, torí òkú kòkòrò kò lè gbé àtíkè lọ sínú òdòdó mìíràn. Ewéko tó ń jẹ kòkòrò ní ewé tútù, ó ń ṣe ṣúgà fúnra rẹ̀. Èròjà tí ilẹ̀ ibi tó wà kò ní ló ń wá lára kòkòrò. Ọ̀tọ̀ ni tibẹ̀ yẹn, ọ̀tọ̀ ni tibí.

Torí pé ilé ọmọ òdòdó náà wà lábẹ́ ilẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ náà ni èso ti ń dàgbà. Ó lè tó ọdún méjì kó tó gbó. Èèpo rẹ̀ le bí awọ, ó lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8, hóró inú rẹ̀ sì lè tó 20,000. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé òdòdó tó rùn tó bẹ́ẹ̀ ló so èso tó dùn. Akátá, òòrẹ̀ àti ìnàkí ń hú u jẹ, àwọn èèyàn Nama, ẹ̀yà kan ní Nàmíbíà àti South Africa, náà ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́tipẹ́. Orúkọ tí àwọn tó ń sọ èdè Afrikaans ń pè é ni jakkalskos, ìyẹn oúnjẹ akátá. Wọ́n tún máa ń lo ara abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tó máa ń fún ẹnu pọ̀, láti fi sọ awọ di rírọ̀ tí kò ní jẹrà, wọ́n sì ń fi í ṣe oògùn ìgbẹ́ gbuuru.

Hóró bẹ́ẹ̀ púpọ̀ jọ pé ó ti pọ̀ jù. Kò pọ̀ jù. Hóró kọ̀ọ̀kan kéré gan-an, oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ kò léwé tí yóò fi dá jẹun bó bá hù. Bó bá hù síbi tí gbòǹgbò tó fẹ́ ò sí nítòsí, ikú ni. Nítorí náà kì í hù nítorí pé òjò rọ̀ lásán. Ohun tó ń dúró dè ni èròjà tó ń sun jáde lára gbòǹgbò ewéko tó máa gbà á. Wọ́n dán hóró Hydnora triceps wò, èyí tó jẹ́ pé ara Euphorbia dregeana nìkan ló ti ń jẹun: omi gbòǹgbò Euphorbia dregeana ló mú un hù, ti àwọn Euphorbia mìíràn kò mú un hù. Ẹ wá rí i pé ọgbọ́n ṣíṣà-yàn tí mo sọ lókè yẹn ti bẹ̀rẹ̀ láti inú hóró.

Ta ni ẹbí rẹ̀ nínú àwọn ewéko? Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kó o pọ̀ mọ́ Rafflesia, òdòdó ńlá inú igbó Éṣíà, torí pé àwọn méjèèjì kò léwé, àwọn méjèèjì sì ń rùn. Lọ́dún 2002, Daniel Nickrent àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ DNA wò, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìran tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì rí i pé kò sí ohun tó kan Hydnora kan Rafflesia. Agbo tí ìyeré àti gbogbo ẹbí rẹ̀ wà ni Hydnora ti wá, àwọn ewéko kan tó ń jẹ́ Aristolochia ló sì sún mọ́ ọn jù. Inú mi dùn sí èyí, nítorí àwọn Aristolochia náà mọ bí wọ́n ṣe ń há kòkòrò mọ́ inú òdòdó fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Láti ọdún 2016 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ka Hydnora mọ́ ìdílé Aristolochia.

DNA náà ló jẹ́ ká rí ohun tí Hydnora jẹ́ nígbà kan. Inú sẹ́ẹ̀lì gbogbo ewé tútù, ohun kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di ṣúgà níbẹ̀. Ilé ìdáná ewéko ni, ó sì ní DNA tirẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ewéko, DNA ibẹ̀ máa ń gùn tó nǹkan bí 150,000 lẹ́tà, àwọn jíìnì rẹ̀ á sì lé ní 100. Nígbà tí wọ́n ka ti Hydnora visseri jáde lọ́dún 2016, nǹkan bí 27,000 lẹ́tà péré ló kù, pẹ̀lú jíìnì 24. Gbogbo jíìnì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ ti lọ. Àwọn tó ṣẹ́ kù ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì kò lè pa tì. Nítorí náà, baba ńlá Hydnora léwé, ó dá jẹun, kó tó di pé ìran rẹ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ewéko kan tún wà tí wọ́n sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Rhizanthella gardneri ni, orchid kan ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà tó ń yọ òdòdó lábẹ́ ilẹ̀. Àgbẹ̀ kan ló ṣàdédé hú u jáde nítòsí ìlú Corrigin lọ́dún 1928. Òun náà kò ní ewé tútù, òun náà kò lè se oúnjẹ, àmọ́ kì í fẹnu kan gbòǹgbò igi. Ara olú wínníwínní kan tó so mọ́ gbòǹgbò igi Melaleuca ló ti ń jẹun; olú gba ṣúgà lọ́wọ́ igi, orchid gbà á lọ́wọ́ olú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ kó béèrè pé: ta ló fọwọ́ kan gbòǹgbò yẹn gan-an? Hydnora fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ kàn án.

Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní Nàmíbíà tàbí South Africa tó sì fẹ́ rí Hydnora africana lójú ara rẹ̀, ìdí Euphorbia ni kó wò lẹ́yìn òjò, kó tẹ̀ lé òórùn. Kó má ṣe wa ilẹ̀, nítorí bí ọkọ́ bá gé ara abẹ́ ilẹ̀ náà kúrò lára gbòǹgbò, apá tó gé kúrò kò ní yè. Hydnora triceps ló ṣòro jù láti rí nínú gbogbo wọn. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kí wọ́n tó tún rí òmíràn ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn South Africa. Òdòdó tiẹ̀ kì í jáde sókè ilẹ̀. Ó ń là nísàlẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ orí rẹ̀ á sán díẹ̀, ojú ibi tó sán yẹn ni òórùn ń gbà jáde, ibẹ̀ náà sì ni kòkòrò ń gbà wọlé.